Iṣẹ́ Wo Ni Ìbéèrè Rán Ọmọ Yín? Ọ̀rọ̀ Kékeré Tó Ń Gbé Ọmọ Ṣubú Nínú Ìdánwò WAEC

Láti Tejúoṣó dé Ojúwòyè, láti Ladípọ̀ dé Àgùdà, ohun kan náà ló máa ń gba ẹ̀yin òbí lọ́kàn bí ìdánwò WAEC bá ti sún mọ́lé: ṣé ọmọ mi á yege báyìí? Owó ilé-ìwé ti lọ. Owó lẹ́sìnnì ti lọ. Owó ìwé náà ti lọ. Ọmọ sì ń kàwé, ojú yín ló ń ṣe. Bí wọ́n bá mú iná lọ, á tan iná fóònù, á máa kà á lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì jáde, F lókè, F nísàlẹ̀.

Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Bàbá á ní ọmọ yìí kò ní ọpọlọ, ìyá rẹ̀ ló fi jọ. Ìyá á ní kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ òun, àwọn ayé ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó féèlì ni kò mọ̀wé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ohun tí wọ́n kọ́ wọn, wọ́n sì kọ ọ́ kún ìwé fọ́fọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n bi wọ́n kọ́ ni wọ́n kọ. Wọ́n ní kí wọ́n pọn omi wá, wọ́n ru igi dé. Igi náà dára o, ó gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ló rán wọn nígi?

ẸJỌ́ TÍ WỌ́N Ń RÒ LỌ́DỌỌDÚN

WAEC tí à ń wí yìí, kì í ṣe àjèjì sí àwa ará Mainland. Yábàá níbí ni orílé-iṣẹ́ wọn ní Nàìjíríà wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó kan láti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, G. B. Jeffery, ló wá yẹ ilẹ̀ wa wò, tó sì dámọ̀ràn ní ọdún 1950 pé ó yẹ kí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àjọ ìdánwò tirẹ̀. Ní 1952, àjọ náà dúró. Títí dòní, Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone, Gáḿbíà àti Làìbéríà ló jọ ń lò ó.

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí wọ́n bá máàkì tán, àwọn olórí olùmáàkì a máa kọ ìròyìn lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ibi tí àwọn ọmọ ti ṣe dáadáa àti ibi tí wọ́n ti kùnà. Ẹ̀sùn kan wà tí kì í wọ́n nínú ìròyìn wọ̀nyí. Ẹ̀sùn náà ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ kì í fara balẹ̀ ka ìbéèrè, wọn kì í sì í tẹ̀ lé ohun tí ìbéèrè pa láṣẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré o. Ní ọdún 2025, kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọ́ ní gbangba pé, nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba tí ìjọba san owó WAEC fún ní 2024, àwọn tó gba kirẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò kò tó ìdajì. Owó ìjọba nìyẹn o. Ti ẹ̀yin tí ọmọ yín wà nílé-ìwé aládàáni ńkọ́, tí ẹ fi owó èsúsú san? Èmi kò sọ pé àìgbọ́ ìbéèrè nìkan ló fà á. Tíṣà kò tó níbòmíràn, ìwé kò sí níbòmíràn, ọmọ mìíràn kò sì kàwé rárá. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ni èyí tí òbí lè bá ọmọ tún ṣe láìná kọ́bọ̀.

TÉLỌ̀ TÍ KÒ JẸ́ IṢẸ́ TÍ WỌ́N RÁN AN

Ká ní oníbàárà kan gbé aṣọ lọ bá télọ̀ ní Ojúẹlẹ́gbá, ó ní kó bá òun rán bùbá àti ṣòkòtò. Télọ̀ yìí mọṣẹ́ bí ẹni máa kú. Ó jókòó, ó fi aṣọ náà rán agbádá, ó kó iṣẹ́ sí i lọ́rùn, gbogbo àdúgbò ń wò ó. Ṣé oníbàárà á sanwó? Kò ní san. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ò dára, iṣẹ́ tí wọ́n rán an kọ́ ló ṣe.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nínú ìdánwò. Ẹni tó ń máàkì ní ìwé kan níwájú rẹ̀ tí wọ́n ti to ìdáhùn àti máàkì sí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn olùmáàkì a máa pàdé kí ẹnu wọn lè kò lórí ohun tí wọn yóò gbà àti èyí tí wọn kò ní gbà. Bí ohun tí ọmọ kọ kò bá jẹ́ ohun tí ìbéèrè béèrè, olùmáàkì kò láṣẹ láti ṣàánú rẹ̀. Ó lè rí i kedere pé ọmọ yìí kàwé. Kò sí ibi tó máa kọ máàkì yẹn sí.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, òwe mìíràn ni kí ọmọ dì mú: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ìbéèrè ló rán ọmọ níṣẹ́. Bó ṣe rán an ni kó jẹ́ ẹ, kó má fi kún un, kó má yọ níbẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ KỌ̀Ọ̀KAN ÀTI IṢẸ́ TÓ Ń RÁN ỌMỌ

Nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ òun gan-an ni àṣẹ. Níbẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń wà. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń rán ọmọ, ojoojúmọ́ lẹ ń ṣe é lọ́jà àti ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

LIST, NAME àti MENTION: Dárúkọ wọn, kó o dákẹ́. Bí oníbàárà bá bi yín pé irú ata wo lẹ ní, ẹ ó ní rodo wà, tàtàṣé wà, ṣọ̀ńbọ̀ wà. Ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn oko tí ata ti wá. Ọmọ tí wọ́n ní kó dárúkọ nǹkan mẹ́ta, tó lọ kọ ojú ìwé kan gbáko, àkókò rẹ̀ ló fi ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye tí wọ́n béèrè. Bí oníbàárà bá ní kẹ́ ẹ wọn kóńgò ìrẹsì mẹ́ta, tí ẹ lọ wọn mẹ́fà, owó mẹ́ta náà ló máa san.

STATE: Ọ̀rọ̀ yìí máa ń tan ọmọ jẹ, torí State tí etí wọn mọ̀ jù ni Lagos State. Nínú ìdánwò, ohun tó ń wí ni pé sọ ọ́, ní gbólóhùn kan tó délẹ̀, láìsí àlàyé gígùn. Ó ju orúkọ lásán lọ, kò sì tó àlàyé.

DEFINE: Sọ ohun tó jẹ́ gan-an, kí ẹni tí kò rí i rí lè dá a mọ̀. Bí wọ́n bá bi yín pé kí ni èlùbọ́ iṣu, tí ẹ ní ohun tí à ń fi ro àmàlà ni, ìlò rẹ̀ lẹ sọ yẹn, ẹ ò tíì sọ ohun tó jẹ́. Èlùbọ́ iṣu ni iṣu tí a bẹ, tí a bọ̀ lómi gbígbóná, tí a sá gbẹ, tí a sì lọ̀ kúnná. Ẹ ò rí i pé ó yàtọ̀?

DESCRIBE: Ṣe àpèjúwe rẹ̀. Bí báàgì yín bá sọnù, tí ọlọ́pàá ní kẹ́ ẹ ṣe àpèjúwe rẹ̀, ẹ ó sọ àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe tóbi tó, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí. Bó ṣe rí, tàbí bó ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni wọ́n ń béèrè.

EXPLAIN: Ṣàlàyé. Níbí yìí, "nítorí" gbọ́dọ̀ wọ ọ̀rọ̀. Bí oníbàárà bá bi mẹkáníìkì pé kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì òun ń gbóná, tí mẹkáníìkì dáhùn pé "lóòótọ́ ni, ó ń gbóná gan-an", ṣé àlàyé nìyẹn? Àfi kó ní rádíétọ̀ ń jò, omi tó yẹ kó máa mú ẹ́ńjìnnì tutù ti lọ tán, ìdí nìyẹn tó fi ń gbóná.

ACCOUNT FOR: Ẹni tó bá gbọ́ "account" á rò pé ọ̀rọ̀ owó ni. Rárá o. Wọ́n ń béèrè ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí. Àbúrò EXPLAIN ni.

COMPARE àti DISTINGUISH: COMPARE ń fẹ́ ibi tí nǹkan méjì ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. DISTINGUISH, ìyàtọ̀ nìkan ló ń fẹ́. Ẹ̀yin oní-gàrí, ẹ gbọ́. Bí wọ́n bá béèrè ìyàtọ̀ gàrí Ìjẹ̀bú àti gàrí olépo lọ́wọ́ yín, ẹ ó ní ti Ìjẹ̀bú funfun, èkejì pọ́n. Ti Ìjẹ̀bú kan, èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ kan. Àwọ̀ kojú àwọ̀, ìtọ́wò kojú ìtọ́wò. Ọmọ tó bá kọ pé "ti Ìjẹ̀bú kan, èkejì pọ́n" kò tíì fi nǹkan kan wé nǹkan kan. Àwọn olùmáàkì Biology ti ráhùn lórí èyí títí.

DISCUSS: Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. DISCUSS ń fẹ́ kí ọmọ yẹ ọ̀rọ̀ wò yíká. Bí ọ̀rọ̀ bá ní apá méjì, kó gbọ́ tọ̀tún, kó gbọ́ tòsì, kó mú ẹ̀rí wá, kó tó sọ ibi tí òun fì sí. Bí ẹ ṣe ń parí ìjà nínú ẹgbẹ́ ọlọ́jà nìyẹn.

CALCULATE àti SHOW YOUR WORKING: Ẹ wo kádì alájọ. Bí alájọ bá kàn sọ iye tó kù fún yín, tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ rí bó ṣe ro ó lójoojúmọ́, ṣé ẹ máa gbà? Nínú ìdánwò ìṣirò, máàkì wà fún ọ̀nà tí ọmọ gbà, ó tún wà fún ìdáhùn. Ọmọ tó kọ ìdáhùn nìkan, tó sì ṣì í, òfo ni. Ẹni tó fi ọ̀nà hàn lè rí nǹkan mú lọ sílé bí ìdáhùn tilẹ̀ ṣì nígbẹ̀yìn.

SUMMARISE: Gé e kúrú. Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, wọn á ní kí ọmọ fi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sọ kókó kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rán ọmọ lọ sípàdé lórúkọ yín, ìgbà tó dé, ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyálọ́jà sọ ló máa kà padà? Kókó lẹ fẹ́ gbọ́. Ọmọ tó kàn da gbólóhùn inú ìwé kọ bó ṣe wà ń pàdánù máàkì ni.

IBÀ KAN ṢOṢO, IṢẸ́ MẸ́RIN

Ẹ jẹ́ ká fi ibà ṣe àpẹẹrẹ, torí kò sẹ́ni tí ẹ̀fọn kò jẹ rí láàárín Mushin sí Sùúrùlérè.

Bí ìbéèrè bá ní LIST ọ̀nà mẹ́ta tí a lè gbà dènà ibà, ìdáhùn rèé: sísùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, dída omi tó dúró sí àyíká nù, fífín oògùn ẹ̀fọn. Ó tán. Ìṣẹ́jú kan ni.

Bó bá ní DESCRIBE bí ibà ṣe ń ràn, ọmọ á to ọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: abo ẹ̀fọn Anopheles jẹ ẹni tó ní ibà, ó fa kòkòrò àrùn mọ́ ẹ̀jẹ̀, kòkòrò náà dàgbà nínú ẹ̀fọn, ẹ̀fọn jẹ ẹlòmíràn, ó sì pọ kòkòrò náà sí i lára.

Bó bá ní ACCOUNT FOR bí ibà ṣe pọ̀ ní àdúgbò tí gọ́tà rẹ̀ dí, ìdí ni wọ́n ń fẹ́: nítorí inú omi tó dúró ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí, níbẹ̀ náà lọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà; bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀fọn á ṣe pọ̀ tó.

Bó bá ní DEFINE ibà, ọmọ á ní àìsàn ni, kòkòrò tín-ín-tín tó ń jẹ́ Plasmodium ló ń fà á, ẹ̀fọn ló sì ń gbé e kiri.

Ìmọ̀ kan náà ni. Iṣẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ tó kọ́ nípa ibà títí tó fi mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, tó wá kọ ìdáhùn DESCRIBE sí abẹ́ ACCOUNT FOR, òdo ló lè gbà. Ta ló máa gbà pé ọmọ náà mọ̀ ọ́n?

Ẹ ṢỌ́RA FÚN ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ WẸ́WẸ́

Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ náà ń pa ọmọ lára. AND nìkan lè sọ iṣẹ́ kan di méjì. "State and explain" ń fẹ́ ohun méjì. Ẹni tó sọ ọ́ tí kò ṣàlàyé ti fi ìdajì sílẹ̀. EACH ni "ọ̀kọ̀ọ̀kan". ONLY ni "péré". EITHER àti OR, ọ̀kan ni kó mú. COMPULSORY, dandan ni, kò gbọdọ̀ fò ó. Ọmọ tí wọ́n ní kó dáhùn ìbéèrè mẹ́rin tó dáhùn mẹ́fà kò gba àlékún. Àkókò tí ì bá fi tún mẹ́rin ṣe dáadáa ló jóná.

Ní ti JAMB, tó ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá láti 2015, àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ọmọ la ojú sí ni NOT àti EXCEPT. Bí wọ́n bá ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí jẹ́ oúnjẹ EXCEPT, èyí tí kì í ṣe oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Ọmọ tó bá ń kánjú á rí oúnjẹ àkọ́kọ́, á tẹ̀ ẹ́, á kọjá.

Nǹkan mìíràn tún wà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè, wọ́n máa ń kọ iye máàkì sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè. Òun ni iye owó ọjà. Ìbéèrè máàkì méjì kò yẹ kó gba ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ ọmọ, bí ẹ kò ṣe ní fi wákàtí méjì ná ọjà náírà mẹ́wàá.

KÍ ỌMỌ SỌ Ọ́ NÍ YORÙBÁ

Ẹ ó ní, "Ìwọ akọ̀ròyìn yìí, a ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, báwo la ṣe fẹ́ ràn án lọ́wọ́?" Ibẹ̀ gan-an ni mò ń bọ̀. Yorùbá yín ti tó.

Ọmọ Èkó kan wà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, tó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. Láti ọdún 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní agbègbè Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn tó ń bẹ̀rù ní ọmọ á di òpè nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ nínú iṣẹ́ yòókù. Ohun tó yé ọmọ lédè ìyá rẹ̀ ti yé e nìyẹn.

Òfin tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé nìyí: ọmọ tí kò bá lè sọ iṣẹ́ tí ìbéèrè rán an ní Yorùbá, kò tíì gbọ́ iṣẹ́ náà ní Gẹ̀ẹ́sì.

OHUN TÍ ÒBÍ LÈ ṢE NÍ ÌṢẸ́JÚ MẸ́WÀÁ

Lálẹ́, tí ẹ bá ti pàtẹ kúrò, tàbí nígbà tí ọjà dá, ẹ ní kí ọmọ gbé ìwé past question rẹ̀ wá. Bí kò bá ní, WAEC fúnra wọn ti kó ìbéèrè àtijọ́ àti ìròyìn àwọn olórí olùmáàkì sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ á fi fóònù wá a jáde.

Kó ka ìbéèrè kan sókè. Kó má tíì dáhùn. Ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta. Èkíní: "Iṣẹ́ wo ni wọ́n rán ẹ? Sọ ọ́ ní Yorùbá." Èkejì: "Mélòó ni wọ́n ní kó o mú wá?" Ẹ̀kẹta: "Ṣé wọ́n ní kó o sọ ìdí, àbí kó o kàn dárúkọ?" Bó bá ń ká ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu, tó ń ní "wọ́n ní kí n... kí n kàn kọ nípa ẹ̀", ẹ ti rí ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Kó lọ bi tíṣà rẹ̀ lọ́la.

Tó bá dọjọ́ ìdánwò gan-an, kó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ àṣẹ, kó fà á sábẹ́ iye tí wọ́n béèrè, kó tó kọ ohunkóhun. Tó bá dáhùn tán, kó padà wo ìlà méjèèjì yẹn.

Ìpàdé òbí àti tíṣà náà wà ńbẹ̀. Ẹ má kàn lọ jókòó, kẹ́ ẹ mu mínírà, kẹ́ ẹ padà. Ẹ dìde, kẹ́ ẹ béèrè pé ṣé wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ohun tí DESCRIBE àti EXPLAIN fi yàtọ̀ síra. Owó yín ni wọ́n ń gbà, ẹ lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni àwọn òbí tó ń kó owó lọ fún àwọn oní-expo àti ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní magic centre. Owó á lọ, WAEC á di èsì mú, ọmọ á tún jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ lè wà lórí ọmọ náà tẹ́lẹ̀. Àìgbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló kù.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ ṣe ìdánwò lọ́dún yìí, ẹ gbé ìwé ìbéèrè kalẹ̀ lálẹ́ òní. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ ìbéèrè kan tó ta kókó, tí tíṣà gan-an kò lè tú u, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà wa, ká jọ tú u. Ọmọ wa kò ní jẹ́ iṣẹ́ tí wọn kò rán an mọ́ o.